Bíréèkì Tí Kì Í Da Kòkó Nù

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra àgádágodo ní Alabar, ní ìlú Kumasi, ọ̀dọ̀ Alhaji Hàkímù ni yóò já sí. Kì í ṣe pé tirẹ̀ ló pọ̀ jù, bí ó ṣe ń tà á ni àwọn ènìyàn fi ń wá a. Alhaji kì í kàn fún ọ ní àgádágodo kó ní kí o máa lọ. Yóò tì í níṣojú rẹ, yóò dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, yóò fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ yóò fi yọ, lẹ́yìn náà yóò nà án sí ọ pé kí ìwọ náà fà á. Bí o bá jẹ́ arúgbó, wàá fà á. Bí o bá lóyún, wàá fà á. Tí o bá wá ń ráhùn pé ó ti le jù, Alhaji á rẹ́rìn-ín, á sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo Alabar ti mọ̀ sórí: "Àgádágodo tó bá ń gbọ́ràn sí gbogbo ọwọ́ lẹ́nu, olè ló ń bá ṣiṣẹ́. Èyí tó le yẹn ló fẹ́ràn rẹ."

Ọlọ́gbọ́n ni, ẹ má bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló máa ń mọ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, a ó sì fi àgádágodo tì í mọ́lé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni ojú Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀. Awọ funfun kan ti bo ẹyin ojú ọ̀tún ìyá náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé ó ń kí òpó iná kú àárọ̀, tí ó sì ń bínú pé òpó kò dá òun lóhùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lápá Bantama, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó kúrò. Ìyá kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, kò gbọdọ̀ forí kanlẹ̀, ìjókòó ni kó máa kírun, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ gbá ojú náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Bí nǹkan bá lọ gbá ojú náà kí ó tó jinná, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tún fi ríran mọ́.

Alhaji fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ju bí ó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rìn káàkiri ilé, tí ó ń gbé àpótí ìjókòó kúrò lọ́nà, tí ó ń bá ilẹ̀kùn jà pé ó ṣí jù. Ó fi aṣọ wé etí tábìlì. Ó kìlọ̀ fún ewúrẹ́ aládùúgbò pé kó má wọ agbo ilé mọ́, bí ẹni pé ewúrẹ́ ń gbọ́ Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹni tí yóò máa gbé Sàfúrátù lọ sí Bantama, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Bàlkísù, ọmọ wọn obìnrin, ní òun ni yóò máa gbé e. Báǹkì kan ní Adum ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì pẹ́ tí ó ra mọ́tò kékeré kan aláwọ̀ ewé. Nítorí ìyá rẹ̀ gan-an ni ó ṣe rà á, kí ìyá náà má baà máa fi ojú tó ń ṣú bàìbàì fún ara rẹ̀ mọ́ inú tirótiró, ọkọ̀ èrò ìlú náà. Kí ó tó gbé ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ fítà, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì ní Kumasi, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páàdì bíréèkì, kí wọ́n sì yẹ táyà wò. Alhaji gbọ́, ó mi orí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó mọ ọkọ̀ wà kò nílò bíréèkì tuntun, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà ló ń wá bíréèkì kiri.

Ẹni tí Alhaji gbà pé ó mọ ọkọ̀ wà ni Kwasi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà èwe, ọmọ Àṣáńtì tó gbọ́ Yorùbá débi tó lè fi bú ènìyàn. Orí rẹ̀ funfun báláú, takisí rẹ̀ sì dàgbà ju Bàlkísù lọ. Ó kọ "Bɔkɔɔ" sára gíláàsì ẹ̀yìn, ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èdè Twi. Òtítọ́ sì ni. Bíréèkì Kwasi kì í dá ọkọ̀ dúró, ó máa ń pàrọwà fún un ni. Kwasi á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kò ní dá a lóhùn. Á tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni yóò tó gbà, tí yóò sì rọra dúró bí àgbà tó ń wá ibi jókòó. Kwasi fúnra rẹ̀ gbà pé bí bíréèkì tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní bíréèkì ayé ìsinsìnyí kò mọ àgbà.

Ẹ má rò pé Alhaji kàn ń sọ̀rọ̀ láìlẹ́rìí. Ó dán àwọn méjèèjì wò. Ó ní ife irin kan aláwọ̀ búlúù, tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, òun ló fi ń mu kòkó, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀kọ mímu níbẹ̀, láràárọ̀, torí kì í mu kòkó inú ọ̀rá láéláé. Lọ́jọ́ kan, ó ra kòkó gbígbóná lọ́wọ́ Adwoa tó ń tà á ní oríta, ó gbé ife náà lé orúnkún nínú takisí Kwasi, wọ́n forí lé Adum. Ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Alabar sí Adum láàárọ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń dúró de mọ́tò níbẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbín gan-an ì bá gbé kòkó débẹ̀, kò ní dànù. Ṣùgbọ́n Alhaji kò ka ìyẹn sí.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó gbé ife kan náà wọ mọ́tò Bàlkísù. Ó tẹjú mọ́ kòkó náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ tó fẹ́ hó dànù. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àfi gbà, mọ́tò dúró lójú kan, kòkó sì ya bo jàlàbíyà funfun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú," ni Bàlkísù ń bẹ̀bẹ̀. "Ọmọdé kan ló sáré gba iwájú wa."

"Ọmọdé wo?" ni Alhaji wí. "Mi ò rí ọmọdé kankan."

Kò purọ́, kò rí i lóòótọ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòkó, kòkó náà ni yóò rí.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Oyèbọ̀dé, aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń ta aṣọ, tó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ rẹ̀. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ obìnrin àti mọ́tò, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Oyèbọ̀dé ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ka obìnrin kan tó fi mọ́tò gbá ògiri, ó ka òmíràn tó kó sí gọ́tà. Sàfúrátù, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi nǹkan bo ojú rẹ̀ kan, béèrè pé àwọn ọkùnrin tó kó sínú gọ́tà kan náà ńkọ́. Oyèbọ̀dé ní ìyẹn yàtọ̀, gọ́tà náà ló sún mọ́ ọ̀nà jù. Alhaji gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá fi mọ́tò gbá nǹkan, àwọn méjèèjì a máa bú ọ̀nà, wọ́n a máa bú òjò, wọ́n a tilẹ̀ bú ìjọba. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹjọ́ ti tán.

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ṣe dájọ́ pé Kwasi ni yóò máa gbé Sàfúrátù. Nígbà tí ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, Bàlkísù rọra ṣàlàyé pé bíréèkì takisí náà kò dáa, pé bíréèkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́. Alhaji ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí Kwasi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣọ́ra nìyẹn, ìwọ̀nba ẹ̀ẹ̀kan ni ti Bàlkísù. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà wọra. Mọ́tò tí ó tìtorí ìyá rẹ̀ rà, ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó kó àwo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fọ̀ wọ́n bí ẹni tó ń bá wọn jà.

Ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú Kwasi lọ dáadáa. Èkejì náà lọ dáadáa, Alhaji sì bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Bí ewu bá ti fo ọmọ ènìyàn dá díẹ̀, ṣe ni yóò máa rò pé òun àti ewu ti di ìbátan.

Ìrìn tó tẹ̀ lé e ni Ọlọ́run fi ojú ewu hàn wọ́n. Alhaji wà níwájú pẹ̀lú ife kòkó rẹ̀, Sàfúrátù wà lẹ́yìn. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó wọ Bantama, tirótiró kan dúró níwájú wọn láti já èrò. Kwasi tẹ bíréèkì, kò sí èsì. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò sí èsì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ títí ó fi kan ilẹ̀ mọ́tò. "Bɔkɔɔ," ni Kwasi ń sọ fún takisí rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "bɔkɔɔ, bɔkɔɔ." Takisí kò gbọ́ Twi mọ́. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ìyẹn gòkè wẹ́rẹ́, kò di nǹkankan mú. Ẹ̀yìn tirótiró náà ń sún mọ́ wọn, ó ń tóbi sí i, àwọn èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Kwasi já ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́run sì ti bá wọn tẹ́ ibùsùn síbẹ̀. Obìnrin kan to òkìtì aṣọ òkìrìkà síbẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bá oníbàárà kan nájà ní òdìkejì. Takisí wọ inú aṣọ náà, ó ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró. Kò gbá ẹnikẹ́ni. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin kan gun orí wáípà, ṣòkòtò ọmọdé kan bo iná iwájú. Obìnrin aláṣọ náà sáré dé, ó ń fi Twi béèrè bóyá aṣọ ni wọ́n wá rà ni wọn ò fi lè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó nájà.

"Alhaji, fa kyɛ me," ni Kwasi wí, ó ń tọrọ ìdáríjì.

Alhaji yíjú padà. Ó rí Sàfúrátù tí ó fi ọwọ́ kan di ìjókòó iwájú mú, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì ṣíji bo ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, láìfi kàn án, bí ènìyàn ṣe ń dáàbò bo àtùpà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Sàfúrátù ní kò sí nǹkan tó gbá a, pé òun wà dáadáa.

Ibi tó yẹ kí Alhaji dákẹ́ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí kò rí ibi gbà jáde, ẹnu ló máa ń gbà. Ó bojú wo orúnkún rẹ̀, ó rí ife búlúù náà tí ó kún dẹ́múdẹ́mú bí Adwoa ṣe bù ú, ni ó bá gbé e sókè.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Kò dànù. Mọ́tò Kwasi, bó tilẹ̀ fẹ́ ṣe jàǹbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni."

Kwasi alára yíjú wò ó tìyanutìyanu. Obìnrin aláṣọ náà, tí kò gbọ́ Yorùbá, wo ife, ó sì wo Alhaji.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ mọ́tò yìí, Sàfúrátù kò tíì sọ ohun tó ń fẹ́. Kò sì sí ẹni tó bi í. Ìgbà yìí ni ó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Alhaji, tí oníbàárà bá ti àgádágodo yín lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tì, ṣé ẹ máa sọ fún un pé oníwà tútù ni?"

Alhaji rọra sọ ife náà kalẹ̀ sórí orúnkún.

"Ojú mi ni ẹ fi irú rẹ̀ tì," ni Sàfúrátù wí. "Ẹ bá mi pe ọmọ mi."

Bàlkísù dé láti Adum. Ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ pé ṣebí mo ti sọ, ṣebí mo ti wí. Kò sọ ọ́. Ó yẹ ojú ìyá rẹ̀ wò, ó gbé e jókòó sẹ́yìn, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó sì tún un so kí ó má baà fún un lọ́rùn. Wọ́n fi Kwasi sílẹ̀ kí òun àti obìnrin aláṣọ náà máa tú takisí sílẹ̀ lára òkìrìkà. Alhaji jókòó síwájú. Ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó tún ń dán ẹnikẹ́ni wò, ó gbàgbé láti gbé e jù sílẹ̀ ni. Ìtìjú kò sì jẹ́ kó lè wo inú rẹ̀. Nítorí pé kò ríbi tó tún máa wò, ó wo ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i. Ọmọdébìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ ilé ìwé já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré bọ́ sójú títì láti mú bàtà rẹ̀ tó jábọ́. Alhaji fẹ́ kígbe, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ẹsẹ̀ Bàlkísù ti ṣáájú ẹnu náà. Gbà, mọ́tò dúró lójú kan. Ọmọ náà dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò wọ́n, ó mú bàtà, ó sì padà lọ bá ìyá rẹ̀ tó ti gbé ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn, bẹ́líìtì ti di Sàfúrátù mú ṣinṣin, ojú rẹ̀ kò kan nǹkankan. "Alhamdulillahi," ni ó ń wí ní àwítúnwí.

Kòkó sì ti bo jàlàbíyà Alhaji láti àyà dé orúnkún.

Bàlkísù rí aṣọ náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀rù tí kò bà á nígbà tí ọmọ já bọ́ síwájú rẹ̀ ni ó wá ń bà á báyìí. "Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ kan ló…"

"Mo rí i," ni Alhaji wí.

Kòkó ń kán sí bàtà rẹ̀. "Ọmọ ti ìjọ́sí ńkọ́? Ó tó báyìí?"

"Ó kéré jù ú lọ, Bàbá."

Alhaji ń wo ọ̀nà títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ó ń ronú pé láti ọjọ́ náà wá ni òun ti ń ṣọ̀fọ̀ kòkó kiri Alabar, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ kan ń bẹ láyé tí òun kò béèrè nípa rẹ̀ rárá. Ojú tì í gan-an, ó sì yẹ kó tì í.

Dókítà yẹ ojú Sàfúrátù wò, ó ní ó ń jinná dáadáa. Ó tún wo jàlàbíyà Alhaji, ó béèrè bóyá òun náà wá gba ìtọ́jú ni.

Nígbà tí wọ́n padà sí Alabar, Oyèbọ̀dé rí àbààwọ́n náà láti òkèèrè. Ó ní, àbí Bàlkísù tún ti gbá wọn ní bíréèkì. Alhaji ní bẹ́ẹ̀ ni. Oyèbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn obìnrin tó ti kó sí gọ́tà láti orí ẹni àkọ́kọ́. Alhaji kò bá a jiyàn. Ó mú àgádágodo tó le jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tì í, ó nà án sí i pé kó fà á. Oyèbọ̀dé fà á títí ó fi ń mí gúlegúle, kò ṣí, ó sì béèrè kí ló kan àgádágodo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Alhaji ní kó máa fà á lọ, yóò yé e.

Ní ti Kwasi, ó gbé takisí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fítà tí Bàlkísù júwe fún un. Fítà ní òróró bíréèkì ti ń jò dànù láti ìgbà pípẹ́, pé afẹ́fẹ́ ni Kwasi ti ń tẹ̀ tó ń pè ní ẹ̀kọ́. Wọ́n tún un ṣe. Ní báyìí, bí Kwasi bá fẹsẹ̀ kàn án báyìí, takisí ti dúró. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ sì ti ń ráhùn pé ọjọ́ ogbó ti sọ Kwasi di oníwàdùwàdù, pé kò mọ ọkọ̀ wà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ń bí i nínú púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ bíréèkì náà kúrò.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò tún pé, Bàlkísù gbé mọ́tò rẹ̀ dúró ní oríta, ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn nínú bẹ́líìtì. Alhaji gba kòkó lọ́wọ́ Adwoa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó mu ún, ó fẹ́ ẹ, ó mu ún, ó ń jó o lẹ́nu. Adwoa bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lọ́wọ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó ń mu ún lọ títí ife náà fi gbẹ. Ó fi aṣọ ìnujú nu ẹnu, ó wọ mọ́tò, ó so bẹ́líìtì, ó fi ife òfìfo náà sí ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ojú sí ọ̀nà.

"Ó yá, máa lọ," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Tí o bá rí ọmọdé, gbá wa ní bíréèkì."